Iná Kékeré Ni Ẹyin Ń Fẹ́

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú bíi kí n gbé oúnjẹ síwájú èèyàn, kó wá yíjú sí ògiri. Lọ́dún yẹn, màmá mi yíjú sí ògiri títí ògiri fi sú èmi gan-an.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo fún wọn nílé wa ní Moorings, ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí, torí wọn ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ wá lò lọ́dọ̀ mi láti Ìjẹ̀bú, oṣù kẹta ni àìsàn náà dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà níta á máa ṣe àmín, wọ́n wá di ẹni tí mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn ní ohùn kan ṣoṣo, kò lọ sókè, kò lọ sódò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tí wọ́n bá sọ pé “igba”, mi ò mọ̀ bóyá igbá ni wọ́n ń bèèrè àbí wọ́n fẹ́ mọ ìgbà wo ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló máa ń wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Òun ló fòfin lélẹ̀. Kò sí ẹ̀bà, kò sí ìrẹsì, omi lásán pàápàá kò sí, àfi kí n po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn kó ki bí ògì. Ohun tó bá rọ̀ tó sì ń dán ni kí wọ́n máa jẹ. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́bọ̀, òun á gbé ìwọ̀n wá. Tí wọ́n bá tún rù sí i, àwọn dókítà á dá ikùn wọn lu, wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà wọlé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ lọ́la. Màmá mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ikùn wọn, wọn ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí obìnrin yẹn fi lọ.

Mo ṣe ògì, wọ́n yíjú. Mo gún iṣu, mo lo bọ́tà sí i títí ó fi ń yọ̀, wọ́n yíjú. Omi oníyẹ̀fun yẹn, èmi alára tọ́ ọ wò, ó ń yọ̀ bí ìgbín, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Arábìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn pè mí lórí fóònù pé Ẹ̀mí ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún wọn, kí màmá mi náà sì bá wa gbà á. Mo ní, “Auntie, ẹni tí ò jẹun látọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ wo lẹ tún fẹ́ kó gbà?” Wọ́n ní mo ti di òyìnbó. Mo pa fóònù.

Care ni mò ń ṣe nígbà náà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe. Mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń wẹ arúgbó, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń gé búrẹ́dì wọn sí wẹ́wẹ́. Ẹ ò rí nǹkan. Mo máa bọ́ ìyá oníyàá yó láàárọ̀, màá padà sílé wá bá ìyá tèmi lébi. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú jẹ́ ìyá arúgbó kan, ará Korea, tó ń gbé lórí òkè Shooters Hill. Ìbàdí wọn ti bàjẹ́, wọn ò lè dúró nídìí iná, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀, wọn ò sì fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà nínú ike. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ nàka sí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n gbé. Òyìnbó tí àwa méjèèjì ń sọ síra wa, ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹyin ni. Ẹyin mẹ́ta, wọ́n á ní kí n lù ú pẹ̀lẹ́, kó má hó. Kí n sẹ́ ẹ nínú asẹ́, kí okùn funfun inú ẹ̀ má bàa bá a lọ. Wọ́n ti máa ń fi ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ kan sínú omi láti alẹ́, omi yẹn ni mo máa fi là á, kí omi àti ẹyin dọ́gba. Iyọ̀ díẹ̀. Màá dà á sínú ìṣáásùn dúdú kan, màá gbé e ka iná kékeré, màá máa fi ṣíbí ro ó nísàlẹ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìgbà yẹn ni màá wá fi abọ́ dojú dé e. Kò ní pẹ́, ẹyin á wú, á gbórí sókè lẹ́nu ìkòkò bíi fìlà. Òróró yánmọtí, ẹ̀kán kan, ó parí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sè é, ìyá náà bu ṣíbí kan, wọ́n nà án sí mi. Mo ní rárá. Mo ní agency tó gbà mí síṣẹ́ ò fẹ́ ká jẹ oúnjẹ àwọn tí à ń tọ́jú. Irọ́ kọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òfin agency ló dá mi dúró. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ẹyin lọ̀ mí nílé tí kì í ṣe tèmi, ara mi máa ń le. Màá máa wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí, nínú agboolé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú. Ìyá bàbá mi ló ń pàṣẹ níbẹ̀, màmá àgbà la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní adìyẹ kan tó ń yé sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ń kó ẹyin náà jọ kó lè sàba lé e, àràárọ̀ ni wọ́n sì máa ń kà á. Ayé ìgbà yẹn, wọn kì í fún ọmọdé ní ẹyin. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ló máa dà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyin dín kan. Wọ́n rí èèpo ẹ̀ nínú eérú.

Màmá àgbà ò tíì bèèrè tán tí màmá mi fi fa etí mi. “Ìwọ ni.” Mo ní èmi kọ́. Wọ́n já pàṣán, wọ́n nà mí lẹ́yìn lójú gbogbo agboolé, wọ́n ní kí n jẹ́wọ́. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́jọ ló jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìran ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, mo jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe. Màmá àgbà ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n tẹ́ ọwọ́, kí èèpo ẹyin náà wà lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, olè ẹyin ni wọ́n ń pè mí. Tí ẹran bá dín nínú ìkòkò, èmi ni. Tí abẹ́rẹ́ bá sọnù, èmi ni. Màmá mi ò gbà mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ro ó títí lọ́mọdé, ta ló jẹ ẹyin yẹn. Mo fura sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fura sí ajá pàápàá, kí n tó rántí pé ajá kì í se ẹyin kó tó jẹ ẹ́, èèpo tí wọ́n rí sì ti jinná. Màmá mi ni mi ò lè fura sí, torí wọn kì í jẹ ẹyin. Títí mo fi dàgbà, mi ò rí ẹyin lẹ́nu wọn rí. Tí èèyàn bá bi wọ́n, wọ́n á ní èèwọ̀ àwọn ni.

Ìyá orí òkè, ìyá ará Korea yẹn, ò gbé ṣíbí sílẹ̀ o. Wọ́n nà án sí mi títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo jẹ ẹ́. Kò gba eyín rárá, ó yọ́ lẹ́nu mi, ó lọ. Mo dúró nínú ilé ìdáná onílé, omi ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan màmá mi. Mo ní èyí á lọ lọ́fun wọn, èèwọ̀ tàbí kò sí èèwọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ra kíréètì ẹyin kan ní ọjà Beresford Square. Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí dé Thamesmead bí ọmọ tuntun. Kí ni mo wá fi ṣe? Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀. Mo ní kí ló tún wà nínú kéèyàn fi ooru se ẹyin, ṣebí mọ́ínmọ́ín ni, ẹ̀wà ni ò sí níbẹ̀. Mo fi òróró ra abọ́, mo lọ tàtàṣé sí i, mo da edé sí i, mo tò wọ́n sínú ìkòkò, mo fi náílọ̀nù bò ó, mo ṣí iná dé òpin, mo lọ wẹ̀. Mo lo ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé, ó ti le bíi fóòmù, ihò wà lára ẹ̀ káàkiri, omi kan sun yí i ká tí mi ò fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi ṣíbí fọ́ ọ, mo gbé e lọ bá wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Mummy, ẹyin ni, ó rọ̀.” Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní ohùn kan ṣoṣo yẹn: “Ẹyin e mi ni.”

Mo gbọ́ pé “ẹ̀yìn mi ni”. Mo ní, “Ẹ̀yìn ń dùn yín ni?” Wọ́n mi orí, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Inú bí mi. Oúnjẹ ni mò ń sọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ mo yí wọn padà, mo fi ìpara gbígbóná ra ẹ̀yìn wọn láti ọrùn dé ìdí, mo kó ìrọ̀rí méjì sí i. Ẹyin náà tutù sórí tábìlì.

Mo sọ fún ìyá orí òkè pé ẹyin mi bàjẹ́. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe sè é. Nígbà tí mo dé ibi ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n ní iná yẹn pọ̀ jù. Wọ́n wá bi mí bóyá inú ń bí mi ni. Mo ní kí ló kan inú bíbí nínú ẹyin. Wọ́n ní ẹni tí inú ń bí kì í lè dúró ti iná kékeré, ó máa fẹ́ kó tètè parí. Wọ́n ní kí n má lọ wẹ̀ mọ́. Kí n dúró tì í.

Mo dúró tì í. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, mo máa dúró ti ìkòkò kékeré kan bí aláìníṣẹ́. Mi ò rí irú ẹja wọn rà, mo fi omi edé dípò ẹ̀, mo sẹ́ edé náà dànù. Èkejì jóná nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣomi. Nígbà tó fi máa tó bí ẹ̀kẹfà, ẹyin mi ti ń wú, ó ń dán, ó ń gbọ̀n tí mo bá fọwọ́ kan abọ́. Màmá mi ò jẹ ẹ̀kẹta, wọn ò jẹ ẹ̀kẹfà, ṣíbí ògì méjì mẹ́ta tí mò ń fi ẹ̀bẹ̀ fún wọn lójúmọ́ ló ń gbé wọn ró. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé e dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Ẹyin e mi ni.” Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ó fún mi ní ohun tí mo lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n nàka sí abọ́ ẹyin, wọ́n nàka sí àyà ara wọn, abọ́, àyà, abọ́, àyà. Mo ní ó ti parí, ìrora náà ti dé àyà. Èmi tí mò ń ṣe care.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n wọ̀n wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́rú ni, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì rí egungun èjìká wọn lábẹ́ aṣọ. Ẹyin ọjọ́ yẹn, kò tíì sí irú ẹ̀. Mo bu ṣíbí kan, mo fẹ́ ẹ, mo gbé e sí ètè wọn. Wọ́n pa ẹnu dé.

Yorùbá ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jù ú sílẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ní, “Mummy, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pàṣán bó mi lẹ́yìn nítorí ẹyin kan, èmi ni mò ń bẹ̀ yín lónìí pé kẹ́ ẹ jẹ ẹyin, ẹ ò jẹ. Kí wọ́n wá dá ikùn yín lu lọ́la, kí àwọn ará ilé lè ní olè ẹyin ló febi pa yín. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹyin yẹn. Ogójì ọdún rèé, mi ò sọ ọ́ mọ́, mò ń sọ ọ́ lónìí. Èmi kọ́.”

Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ pé agbára ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Iwọ kọ.” Itọ́ ń ṣàn létí ẹnu wọn. Wọ́n wá gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ látìgbà yìí sí mẹ́ta, wọ́n ń sinmi láàárín ẹ̀, bí ẹni ń to bíríkì. “Ẹyin.” Wọ́n nàka sí abọ́. “Emi.” Wọ́n nàka sí àyà wọn. “Ni.”

Kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹyin ni. Ẹyin, èmi ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ìyókù jáde, èmi ni mò ń wá àmì ohùn sí i lórí. Wọ́n ní “oyun”. Oyún àbúrò mi ni wọ́n ní nínú nígbà náà. Wọ́n ní “ebi”, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá àgbà ló ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, mo rántí, ìyàwó ilé ni wọ́n sì máa ń bù fún kẹ́yìn. Màmá mi jí ẹyin kan, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti rí èèpo, ọmọ tó wà nítòsí ni wọ́n gbá mú. Wọ́n wá fi ìka fa ìlà kọjá ètè ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ ẹyin mọ́. Ẹ̀jẹ́ ni. Kì í ṣe èèwọ̀ kankan.

Ẹ máa rò pé àánú wọn ṣe mí. Àánú ò ṣe mí. Inú ló bí mi. Ogójì ọdún tí ahọ́n wọn fi mọ òkè, tó mọ odò, tí wọ́n lè pè mí sí kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, wọn ò sọ ọ́. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gbàdúrà fún mi títí káàdì fi ń tán, wọn ò sọ ọ́. Ìgbà tí ẹnu kọ̀ ni wọ́n rántí. Wọ́n wá ń fi àìjẹ ẹyin jẹ ara wọn níyà, wọ́n rò pé ìyẹn ló máa tán an. Kí ni ẹ̀jẹ́ wọn ṣe fún mi? Ta ló gbọ́ ọ nínú agboolé? Àwọn ni wọ́n jẹ ẹyin, ẹ̀yìn mi ló jẹgba.

Mo gbé abọ́, mo jáde kúrò níbẹ̀. Nínú ilé ìdáná, mo fẹsẹ̀ tẹ ike ìdọ̀tí nísàlẹ̀, ìdérí ẹ̀ ṣí. Ẹyin náà ti wọlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá tutù. Mo ronú pé kí n dà á nù, kí n wọ kóòtù mi, kí n lọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì á wá lọ́la pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀, kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Nígbà tó yá, mo yọ ẹsẹ̀. Mo da ẹyin náà padà sínú ìkòkò, mo kán omi edé sí i, mo dá iná. Mo fẹ́ ṣí i dé òpin, ọwọ́ mi ti lọ síbẹ̀. Mo fà á wálẹ̀. Mo dúró tì í. Inú ń bí mi, mo sì ń fi ṣíbí ro ẹyin nísàlẹ̀ ìkòkò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi gbóná dáadáa.

Ibi tí mo fi wọ́n sí náà ni mo bá wọn. Wọn ò yíjú sí ògiri. Mo jókòó, mo bu ṣíbí kan.

“Ẹ la ẹnu,” mo ní. “Ẹ jẹ ẹ́ tán. Màmá àgbà ti kú, kò sẹ́ni tó máa kà á.”

Wọ́n la ẹnu.